Pọ́ǹpù, yàrà àjọgbẹ́ àbí ìdídò ìjọba: èwo ni kí àgbẹ̀ abúlé mú?

Ohun tó máa ń dun àgbẹ̀ jù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí odò máa ṣàn níwájú rẹ̀, kí ata rẹ̀ sì máa rọ lẹ́yìn rẹ̀. Omi wà, oko wà. Ohun tó kù ni bí omi yóò ṣe dé oko. Bí àwọn àgbẹ̀ bá jókòó sọ ọ́, ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ: kí kálukú ra pọ́ǹpù tirẹ̀, kí abúlé pawọ́ pọ̀ gbẹ́ yàrà láti odò wá sí oko, tàbí kí wọ́n dúró de ìjọba kó wá ṣe ìdídò ńlá (dáàmù) àti kánáàlì.

Mo fẹ́ fi àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wé ara wọn fún ẹgbẹ́ àgbẹ̀ tó ń wá èyí tí yóò yàn. Mi ò ní fi ibi tí mo dúró sí pa mọ́. Níbi tí ilẹ̀ àti omi bá ti gbà á, yàrà tí àwọn tó ń jẹ nínú rẹ̀ fi ọwọ́ ara wọn gbẹ́ ni mo fara mọ́. Kì í ṣe nítorí owó nìkan. Kí omi kọ́kọ́ dé oko kò ṣòro tó bí a ṣe rò. Lọ́jọ́ tí bèbè bá ya, tàbí tí ẹ̀rọ bá kọ̀, ta ni yóò gbé ọkọ́ lé èjìká lọ síbẹ̀? Ìbéèrè yẹn ni mo fi ń wọn ọ̀nà kọ̀ọ̀kan.

Kànga àti yàrà ní Nangarhar, ìlà-oòrùn Afghanistan

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti dán ọ̀nà méjì wò lórí ilẹ̀ kan náà. Tetsu Nakamura, oníṣègùn ará Japan, lọ sí Peshawar ní Pakistan ní 1984 láti máa tọ́jú àwọn alárùn ẹ̀tẹ̀. Nígbà tó yá, ó ṣí ilé ìwòsàn sí àwọn àfonífojì ìlà-oòrùn Afghanistan. Ní 2000, ọ̀gbẹlẹ̀ líle kan mú ilẹ̀ náà. Omi ìdọ̀tí ń fa ìgbẹ́ ọ̀rìn, àwọn ọmọdé ń kú, àwọn abúlé ń tú. Dókítà yìí rí i pé oògùn kò lè gba ẹni tí kò rí omi mu tí kò sì rí oúnjẹ jẹ. Ó yọwọ́ nínú iṣẹ́ ilé ìwòsàn díẹ̀, ó dojú kọ omi.

Kànga ni òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ kọ́kọ́ gbájú mọ́. Wọ́n gbẹ́ tó nǹkan bíi 1,600. Kànga wọ̀nyẹn gba ẹ̀mí là, ẹnikẹ́ni ò lè gba ìyẹn lọ́wọ́ wọn. Àmọ́ omi abẹ́ ilẹ̀ ń fà sí i lọ́dọọdún, kànga tí wọ́n ti parí tún ń gbẹ, wọ́n tún ń padà lọ wà á jìn sí i. Kànga lè fún abúlé lómi mímu. Kò lè bọ́ pápá àlìkámà, bẹ́ẹ̀ ebi ló ń lé àwọn ènìyàn kúrò nílé.

Ní oṣù Ẹrẹ́nà 2003, wọ́n bẹ̀rẹ̀ yàrà kan tí wọ́n ń pè ní Marwarid. Ó gba omi láti odò Kunar, ó rìn nǹkan bíi kìlómítà 25 ní ẹ̀gbẹ́ òkè àti àárín abúlé, títí tó fi dé aṣálẹ̀ Gamberi. Ní 2010 ni wọ́n parí rẹ̀. Ibi tó jẹ́ yanrìn àti òkúta tẹ́lẹ̀ di oko. Àwọn àgbẹ̀ àdúgbò ló ṣe iṣẹ́ náà, owó ojúmọ́ ni wọ́n sì ń gbà. Owó náà ń wá láti ọwọ́ àwọn ará Japan tó ń dáwó jọ nínú ẹgbẹ́ Peshawar-kai. Mo sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọwọ́ òfo ni wọ́n fi gbẹ́ kìlómítà 25. Yàrà tó bá gùn tó bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ owó, ó ń fẹ́ ẹni tó mọ ìṣirò, ó sì ń fẹ́ ọdún púpọ̀.

Ohun tó mú mi fẹ́ràn iṣẹ́ náà ju gbogbo rẹ̀ lọ ni ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ. Wọ́n lè da kọnkéré sí ẹ̀gbẹ́ yàrà látòkèdélẹ̀. Dípò ìyẹn, àpótí wáyà tí wọ́n kó òkúta kún ni wọ́n fi tẹ́ bèbè, wọ́n sì gbin igi willow sí ẹ̀yìn rẹ̀. Gbòǹgbò igi náà wọ àárín òkúta, ó dì í mú. Kọnkéré ń sán. Bó bá sán, símẹ́ǹtì, irin àti ẹ̀rọ ni yóò tún un ṣe, ó sì lè jẹ́ pé ìlú ńlá ni wọ́n ti máa kó wọn wá. Àpótí òkúta tó bá wó, àgbẹ̀ tó mọ bí wọ́n ṣe ń hun wáyà yóò hun òmíràn, òkúta sì wà nílẹ̀. Orí odò náà rí bákan náà. Wọn ò mọ ògiri dí odò Kunar. Wọ́n wo ìdídò Yamada tí àwọn àgbẹ̀ Japan fi òkúta tò sínú odò Chikugo ní Fukuoka ní 1790, wọ́n sì to òkúta dábùú odò ní ìdágẹ̀rẹ̀, kí omi lè tẹ́ pẹrẹsẹ kọjá lórí rẹ̀. Nígbà tí odò bá fà, omi ṣì ga tó láti wọ yàrà. Nígbà tí yìnyín orí òkè bá yọ́ tí odò sì kún, agbára omi ti pín kiri kó tó kọlù ú. Pákó ni wọ́n fi sé ẹnu yàrà, ọ̀kan lórí èkejì. Wọ́n á yọ ti òkè kí omi ojú odò, tí yanrìn rẹ̀ kéré, lè wọlé.

Wọ́n yìnbọn pa Nakamura ní Jalalabad ní ọjọ́ 4 oṣù Ọ̀pẹ 2019. Iṣẹ́ náà kò dáwọ́ dúró, nítorí ìmọ̀ rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ àwọn tó ń lo omi náà.

Ìṣirò pọ́ǹpù, ìṣirò yàrà

Ẹ jẹ́ ká mú oko ewébẹ̀ tó jẹ́ hẹ́kítà 1 nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó máa ń fẹ́ omi tó jìn tó mìlímítà 5 lójúmọ́, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ọyẹ́ bá ń fẹ́. Mìlímítà 1 lórí hẹ́kítà 1 jẹ́ lítà 10,000. Nítorí náà lítà 50,000 ni oko yẹn ń mu lójoojúmọ́, ìyẹn dúrọ́ọ̀mù 250. Ẹni tó bá ti fi kẹ́ẹ̀gì bomi rin ẹ̀fọ́ rí mọ ohun tí mò ń wí.

Pọ́ǹpù onínṣì 3 lè fa èyí láàárín wákàtí kan ààbọ̀ sí méjì bí odò bá sún mọ́ oko, yóò sì mu epo bẹntiróò tó lítà 1 sí 2 ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ó yá, ó rọrùn, àgbẹ̀ kò sì ní láti bẹ ẹnikẹ́ni. Mi ò ní fojú kéré rẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni pọ́ǹpù kéékèèké ti yí ayé àwọn àgbẹ̀ fàdámà, ìyẹn ilẹ̀ ọlọ́rinrin ẹ̀bá odò, padà ní Kánò, Bauchi àti Sókótó, nígbà tí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ kánáàlì ńláńlá ṣì ń falẹ̀.

Àmọ́ lójoojúmọ́ ni ẹ ó máa ra epo. Ní ìparí oṣù karùn-ún 2023 tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní Nàìjíríà, lítà kan tó ń lọ ní nǹkan bíi ₦190 kọjá ₦480 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kò sí àgbẹ̀ tó lè fi bẹ́ẹ̀ ṣáà gbé owó ata rẹ̀ gòkè lọ́jà. Pọ́ǹpù sólà yọ epo kúrò nínú ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n owó àkọ́rà rẹ̀ pọ̀, olè sì mọ iye rẹ̀. Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń tajà kì í tètè sọ: pọ́ǹpù tó bá jókòó lórí ilẹ̀ kò lè fa omi tó jìn ju nǹkan bíi mítà 7 lọ, bó ti wù kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lágbára tó, nítorí afẹ́fẹ́ ayé ló ń ti omi gòkè nínú ọ̀pá, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì. Bí bèbè odò yín bá ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀rọ mìíràn lẹ nílò.

Yàrà kò mu epo. Iṣẹ́ ọdún àkọ́kọ́ ni owó rẹ̀. Yàrà tó fẹ̀ ní mítà 1, tó jìn ní ìdajì mítà, tó sì gùn ní kìlómítà 1, iyẹ̀pẹ̀ mítà oníkíúbù 500 ni yóò ti inú rẹ̀ jáde. Bí ẹnì kan bá lè wa méjì lójúmọ́ lórí ilẹ̀ líle, iṣẹ́ ọjọ́ 250 fún ẹnì kan ni, tàbí ọjọ́ márùn-ún fún àádọ́ta ènìyàn. Ẹ fi gbòǹgbò igi àti àpáta kún un. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ó máa kó ẹrẹ̀ àti koríko inú rẹ̀ lọ́dọọdún, láìfi ọdún kan fò.

Ibi tí pọ́ǹpù ti borí pátápátá wà, ẹ má sì jẹ́ kí ìfẹ́ yàrà dí yín lójú. Bí oko bá ga ju odò lọ, tí kò sí ibi kankan lókè odò tí omi ti lè wá fúnra rẹ̀, pọ́ǹpù ni. Bí àgbẹ̀ bá jẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré, pọ́ǹpù ni. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ tí ẹ yá fún ọdún kan, kí lẹ fẹ́ fi yàrà ṣe? Àmọ́ bí pọ́ǹpù bá ti di ogún lórí odò kékeré kan ní oṣù Èrèlé, odò yóò gbẹ kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni ìsàlẹ̀, kò sì sí òfin kankan tó so ẹni òkè mọ́ ẹni ìsàlẹ̀. Ẹ̀rọ tó ní olówó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kì í mú ẹnikẹ́ni jókòó sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá máa lo pọ́ǹpù púpọ̀, ẹ dá ẹgbẹ́ omi sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gbẹ́ yàrà.

Ìdídò ìjọba àti yàrà abúlé

Lẹ́yìn ọ̀gbẹlẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà gbájú mọ́ ìbomirin. Ní 1976 àwọn àjọ agbada odò (River Basin Development Authority) di mọ́kànlá káàkiri orílẹ̀-èdè. Ti Ògùn àti Ọ̀ṣun tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Abẹ́òkúta jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ohun kan wà tí ìjọba lè ṣe tí abúlé kò lè ṣe: kí ó gba òjò oṣù kẹsàn-án pa mọ́ di oṣù kẹta. Ìdídò Tiga tí wọ́n parí ní 1974 ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀ ẹ̀bá odò Kánò, tòmátò àti ìrẹsì ń jáde níbẹ̀ títí dòní. Kò sí iye ọkọ́ tí abúlé lè kó jọ tí yóò gbé Tiga dìde.

Níbi tí wọ́n ti ṣe é láìfi ti àgbẹ̀ ṣe, ẹ wo ohun tó bí. Ní Bakolori lórí odò Sókótó, àwọn àgbẹ̀ tí iṣẹ́ náà gba ilẹ̀ wọn dí ọ̀nà mọ́ àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n ń béèrè owó gbà-má-bínú. Ní 1980 àwọn ọlọ́pàá kọlù wọ́n, àgbẹ̀ kú níbẹ̀. Ní gúúsù adágún Chad, wọ́n ya iṣẹ́ ìbomirin sílẹ̀ fún hẹ́kítà 67,000, wọ́n gbẹ́ kánáàlì, wọ́n ra ẹ̀rọ ńláńlá. Ní àwọn ọdún 1980 adágún fà sẹ́yìn, ó fi ẹnu kánáàlì sílẹ̀ ní gbígbẹ. Ohun tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ kò ṣeé gbé tẹ̀ lé omi.

Ìyàtọ̀ tó jinlẹ̀ jù ni àwọn tó ṣèwádìí ní Nepal rí. Elinor Ostrom, ará Amẹ́ríkà tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ètò ọrọ̀-ajé ní 2009, àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọ̀pọ̀ yàrà tí àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn ń bójú tó wé àwọn tí ìjọba kọ́. Ti ìjọba ní kọnkéré lẹ́nu; ti àgbẹ̀, igi, koríko, ẹrẹ̀ àti òkúta. Ẹnikẹ́ni á rò pé ti kọnkéré ni yóò borí. Òdìkejì rẹ̀ ni wọ́n sábà ń bá: omi ti àgbẹ̀ ń dé ìdí yàrà, níbi tó parí sí, dáadáa jù, èrè oko wọn sì ń pọ̀ jù.

Kí ló fà á? Ìdídò ẹlẹ́rẹ̀ máa ń wó nígbà òjò kọ̀ọ̀kan. Kí àwọn tó wà ní orí yàrà, nítòsí odò, tó tún un mọ, wọ́n nílò ọwọ́ àwọn tó wà ní ìdí yàrà. Bí wọ́n bá febi omi pa àwọn ará ìdí yàrà, àwọn yẹn kò ní wá síbi iṣẹ́. Wọ́n á pín omi tipátipá, nítorí wọn ò lè dá a ṣe. Lọ́jọ́ tí ìjọba bá wá fi kọnkéré mọ ẹnu odò fún wọn, ẹni orí yàrà kò nílò ẹnikẹ́ni mọ́. Ó lè gba omi tó bá wù ú, kí ẹni ìdí yàrà lọ máa wojú òjò.

Mo ti ronú sí ọ̀rọ̀ yìí gan-an, ó sì yẹ kí gbogbo ẹni tó fẹ́ ṣe ìrànwọ́ fún abúlé ronú sí i: símẹ́ǹtì tí a fi ìfẹ́ gbé wá lè tú àjọṣe ká. Bí ẹnì kan, ọmọ ìlú tó wà lókè òkun tàbí olóṣèlú, bá ní òun fẹ́ fún yín ní kọnkéré, ẹ jẹ́ kó lọ sí ibi tí yàrà ti ń jò lọ́dọ̀ àwọn ará ìdí rẹ̀, kí ó má lọ sí ẹnu odò nìkan.

Yíyàn yìí kò fi dandan jẹ́ ìjọba tàbí abúlé. Kí iṣẹ́ TRIMING, ètò àtúnṣe ìbomirin tí Báńkì Àgbáyé ràn lọ́wọ́, tó parí ní 2022, ó dá ẹgbẹ́ àwọn tó ń lo omi sílẹ̀ ní Kánò, Hadejia àti Bakolori pàápàá, kí àgbẹ̀ lè máa bójú tó àwọn yàrà kéékèèké, kí ìjọba sì di ìdídò mú. Bí abúlé yín bá wà lẹ́bàá ìdídò ìjọba, irú ètò yìí ni kí ẹ béèrè fún.

| | Pọ́ǹpù olúkúlùkù | Yàrà àjọgbẹ́ | Ìdídò ìjọba |
|---|---|---|---|
| Owó ìbẹ̀rẹ̀ | àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan | iṣẹ́ ọwọ́, owó díẹ̀ | ìjọba |
| Owó ojoojúmọ́ | epo, àfi bó bá jẹ́ sólà | kò sí | owó omi fún àjọ |
| Ẹni tó ń tún un ṣe | mẹkáníìkì | àwọn tó ń lo omi | àjọ, nígbà tí owó bá jáde |
| Ohun tó ń pa á | ọ̀wọ́n epo, olè | ìjà, ẹrẹ̀, ilẹ̀ tí a gbà padà | àìbójútó, odò tó fà |
| Ó yẹ fún | oko gíga, àgbẹ̀ díẹ̀ | odò tí kì í gbẹ, ilẹ̀ tó rẹlẹ̀ | omi òjò tí a fẹ́ kó pamọ́ |

Àáró ni kí ẹ fi ṣe é, ẹ má fi ọ̀wẹ̀ ṣe é

Ẹ̀yin tí ẹ bá ti pinnu lórí yàrà, yíyàn kejì ni èyí, òun ló sì ń ba ọ̀pọ̀ jẹ́. Ọ̀wẹ̀ dára fún ilé kíkọ́: ẹnì kan ni yóò bẹ àwọn ènìyàn, yóò sì gbọ́ oúnjẹ wọn. Yàrà tí a bá fi ọ̀wẹ̀ gbẹ́ yóò di ti ẹni tó se oúnjẹ. Àáró ni yàrà ń fẹ́, níbi tí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbà ti gbọ́dọ̀ fún ni, tí a sì ń kà á.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe ní Chhattis Mauja nìyẹn, ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ Nepal lẹ́bàá Butwal. Àwọn àgbẹ̀ Tharu ló bẹ̀rẹ̀ yàrà náà láti odò Tinau ní nǹkan bí àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ó sì ń bomi rin nǹkan bíi hẹ́kítà 3,500 títí di ìgbà tiwa. Bí ilẹ̀ rẹ bá ṣe tóbi tó ni iye òṣìṣẹ́ tí o gbọ́dọ̀ mú wá ṣe pọ̀ tó. Lẹ́bàá òkè Kilimanjaro ní Tanzania, àwọn Chagga ní àwọn yàrà tí wọ́n ń pè ní mfongo, tí àwọn àgbà yàrà ń ṣàkóso rẹ̀. Ẹni tí kò bá wá síbi iṣẹ́ kò ní rí omi títí yóò fi san ohun tó jẹ. Òfin náà le, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó wọ inú rẹ̀.

Nípa pípín omi, ọ̀nà méjì ló wà. Ti wákàtí: oko yìí ní òwúrọ̀ Ajé, tọ̀hún ní ọ̀sán rẹ̀. Kò ná owó, omi sì máa ń pọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó kàn. Ìṣòro rẹ̀ ni òru. Obìnrin tó ní ọmọ ọwọ́ àti àgbàlagbà tó ń dá gbé ni ìpín òru máa ń ṣubú lù, àwọn náà ni wọ́n sì máa ń jí omi wọn. Ti pákó: ní orí òkè Nepal, wọ́n máa ń gbé ìtì igi dábùú yàrà, wọ́n á kọ ẹnu sí i ní fífẹ̀ tó bá ìpín kọ̀ọ̀kan mu, omi á sì máa pín ara rẹ̀ tọ̀sán tòru láìsí ẹ̀ṣọ́. Ẹnikẹ́ni lè fi ojú rí i bóyá wọ́n rẹ́ òun jẹ. Pákó ni mo fẹ́ràn fún oṣù tí omi ṣì pọ̀. Bí omi bá kéré gan-an, ìpín kọ̀ọ̀kan yóò gbẹ mọ́lẹ̀ kó tó dé oko, ìgbà yẹn ni kí ẹ padà sí ti wákàtí. Àwọn Chagga tún ní ọgbọ́n kan fún òru: wọ́n gbẹ́ adágún kékeré sí ẹ̀gbẹ́ yàrà, omi á kún un lóru, wọ́n á ṣí i láàárọ̀.

Ìjà yóò wáyé, ẹ má tan ara yín. Ìlú Valencia ní Sípéènì ní ilé ẹjọ́ omi tó ti pẹ́ gan-an. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ní agogo méjìlá ọ̀sán, àwọn adájọ́ tí àwọn àgbẹ̀ yàrà mẹ́jọ yàn láàárín ara wọn á jókòó lẹ́nu ọ̀nà Kàtídírà. Ẹnu ni wọ́n fi ń rojọ́, kò sí lọ́yà, ìdájọ́ kì í sì í pẹ́. UNESCO fi orúkọ rẹ̀ sínú àkójọ ogún ìran ènìyàn ní 2009. Ẹ fi èyí wé gbígbé ọ̀rọ̀ omi lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá: ọjọ́ tí wọ́n bá fi dá a, tòmátò ti rà. Ẹ yan ẹni mẹ́ta, ọ̀kan láti orí yàrà, ọ̀kan láti àárín, ọ̀kan láti ìdí rẹ̀, kí ẹ sì dá ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀.

Bí ẹ bá ti ní àkùrọ̀

Ọ̀pọ̀ abúlé ní ilẹ̀ Yorùbá kò nílò yàrà gígùn. Odò wa tó pọ̀ jù kéré, wọ́n ń gbẹ di kòtò omi láti Ṣẹ́rẹ́ dé Ẹrẹ́nà, ṣùgbọ́n àkùrọ̀ ẹ̀gbẹ́ wọn ń di omi mú. Níbẹ̀, dídarí omi tó wà nílẹ̀ ni iṣẹ́. Toshiyuki Wakatsuki, onímọ̀ ilẹ̀ ará Japan, àti àwọn onímọ̀ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ irú èyí ní àgbègbè Bida láti 1986: àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn mọ bèbè kékeré yí oko ìrẹsì ká, wọ́n tẹ́ inú rẹ̀ dọ́gba, wọ́n sì la ẹnu fún omi láti wọlé àti láti jáde. Sawah ni wọ́n ń pè é. Ó yẹ àkùrọ̀ tó gbòòrò, tí amọ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Fún ẹ̀fọ́ ṣọkọ, tẹ̀tẹ̀ àti ewédú, ebè gíga pẹ̀lú kòtò láàárín tó.

Ẹ wọn ọ́n kí ẹ tó yàn

Ẹ wọn omi ní oṣù Èrèlé tàbí Ẹrẹ́nà. Odò oṣù kẹsàn-án máa ń tan ènìyàn. Ẹ sé e síbi tóóró kan, kí gbogbo rẹ̀ gba inú ọ̀pá tàbí pákó kan wọ kẹ́ẹ̀gì lítà 20. Bó bá kún ní ìṣẹ́jú àáyá 2, lítà 10 ni ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú yàrà oníyẹ̀pẹ̀ tí díẹ̀ ń jò nínú rẹ̀, ẹ ka lítà 1 ní ìṣẹ́jú àáyá kan fún hẹ́kítà 1: omi yẹn yóò tó hẹ́kítà mẹ́wàá. Bó bá gba ìṣẹ́jú àáyá 20 kó tó kún, hẹ́kítà 1 péré ni, kí ẹ má wulẹ̀ pe ogójì ènìyàn jọ sí i. Kí ẹ tún rántí àwọn tó ń pọn nínú odò náà nísàlẹ̀. Omi wọn kì í ṣe tiyín láti gbà tán.

Fún ìdágẹ̀rẹ̀ ilẹ̀, ẹ pe bíríkìlà abúlé. Rọ́bà gígùn tó mọ́ gaara, tó ń bu omi sí láti wo bóyá ìpìlẹ̀ ilé dọ́gba, ti tó láti wọn yàrà. Kí yàrà máa rẹlẹ̀ ní ìdajì mítà sí mítà 1 nínú kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, omi á máa jẹ bèbè. Bó bá kéré jù, ẹrẹ̀ á dí i. Fún ilẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ gbẹ́ kòtò kan tó mu yín dé ìbàdí, ẹ kún un láàárọ̀, ẹ tún un kún nírọ̀lẹ́, ẹ fi ewé bò ó. Bí omi tó pọ̀ jù bá ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ilẹ̀ náà lè di omi mú. Bí kò bá sí, amọ̀ ni kí ẹ fi tẹ́ ìsàlẹ̀ yàrà, tàbí kí ẹ padà sí pọ́ǹpù àti ọ̀pá.

Nínú gbogbo ọ̀nà tí omi ti ń dúró sójú kan, ẹ ṣọ́ra fún àtọ̀sí ajá. Ìgbín inú omi ló ń gbé e, ó sì ti wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọmọdé tó ń lúwẹ̀ẹ́ ní àwọn abúlé àyíká ìdídò Ọ̀yán ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ẹ má jẹ́ kí koríko hù nínú yàrà, ẹ jẹ́ kí omi máa sáré, ẹ kọ́ ilé ìgbẹ́ jìnnà sí i, kí ẹni tí ìtọ̀ rẹ̀ bá ní ẹ̀jẹ̀ sì tètè lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí oògùn rẹ̀ wà.

Ìkẹyìn ni ilẹ̀, òun ló sì ṣòro jù níbi tiwa. Yàrà máa ń gba ilẹ̀ ìdílé mẹ́rin márùn-ún kọjá. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ tó sì máa gbẹ́ ẹ jẹ́ àjèjì tó ń san ìṣákọ́lẹ̀, tàbí obìnrin tí ọkọ fún ní ẹ̀gbẹ́ àkùrọ̀. Ilẹ̀ tí omi bá dé máa ń gbówó lórí lọ́jọ́ kan, onílẹ̀ sì lè ní òun fẹ́ gbà á padà. Kí ọkọ́ tó kan ilẹ̀, ẹ pe àwọn olórí ìdílé wọ̀nyẹn àti baálẹ̀ jókòó. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀nà yàrà wà fún gbogbo ènìyàn, pé ẹni tó bá gbẹ́ ẹ kò ní kúrò lórí oko rẹ̀ fún iye ọdún kan tí ẹ fẹnu kò sí, ó kéré tán ọdún mẹ́wàá, kí iye ìṣákọ́lẹ̀ sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ àwọn obìnrin tó ní ìpín. Bí àwọn onílẹ̀ bá kọ̀ láti fọwọ́ sí i, ẹ yá pọ́ǹpù lò fún ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn, kí ẹ sì máa bá wọn sọ̀rọ̀ lọ.